Ìtọ́jú Ajá Tí Àrùn Jẹjẹrẹ Ti Borí Rẹ̀

Kì í sábà yá àgbẹ̀ lẹ́nu láti sọ pé òun fẹ́ràn ajá òun, ṣùgbọ́n ìṣe rẹ̀ a máa fi í hàn. Ẹni tí ajá rẹ̀ ti ń lé ọ̀bọ kúrò nínú oko àgbàdo láti ọdún 9 tàbí 10 wá, tí ó sì fi òwe sọ ajá náà lórúkọ kí àwọn aládùúgbò lè gbọ́ ohun tí ó wà ní ikùn rẹ̀, kò lè wò ó bí ẹni ń wo agbada tí ó ti jò. Nígbà tí irú ajá bẹ́ẹ̀ bá darúgbó, tí kókó sì yọ sí i lára, àwọn kan a lé e lọ sí ẹ̀yìn ilé kí ó lọ máa retí ikú. Àwọn mìíràn a máa ra oògùn kiri títí owó tí wọn ìbá fi ra ajílẹ̀ yóò fi tán. Ọ̀nà méjèèjì kò tọ́.

Kí a tó sọ pé ajá ń kú lọ, ó yẹ kí a mọ irú kókó tí ó mú un. Ọ̀kan wọ́pọ̀ púpọ̀ láàrin àwọn ajá wa tí ń rìn káàkiri. Ojú ara akọ tàbí abo ni ó sábà máa ń yọ sí: ẹran pupa tí ó rí ṣákiṣàki, tí ẹ̀jẹ̀ ń kán láti ara rẹ̀. Jẹjẹrẹ ni òun náà, ṣùgbọ́n nípa gígùn ni ajá kan ń kó o ran èkejì, nígbà mìíràn nípa lílá tàbí gbígbóòórùn. Àwọn onímọ̀ ti rí i pé ó ti ń ti ara ajá bọ́ sí ara ajá láti ohun tí ó lé ní 4,000 ọdún. Síbẹ̀ ó gbọ́ oògùn. Abẹ́rẹ́ vincristine ni oníṣègùn ẹran ń fún un sínú iṣan, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 lọ́pọ̀ ìgbà, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn a sì san pátápátá. Kí a má ṣe fi ọwọ́ lásán kan ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ajá náà ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Ó ń dùn mí nígbà tí mo bá gbọ́ pé a ti sọ irú ajá bẹ́ẹ̀ ní òkúta pa.

Ti ọmú yàtọ̀ sí èyí. Abo ajá sábà máa ń ní ọmú 10, ní ọ̀wọ́ méjì, àwọn tí ó wà lápá ẹ̀yìn ni kókó sì ń mú jù. Nǹkan bí ìdajì irú kókó bẹ́ẹ̀ ni ó ń jẹ́ jẹjẹrẹ gidi. Bí a bá ń fi ọwọ́ tẹ ikùn ajá wò lóṣooṣù, a lè rí kókó náà nígbà tí ó ṣì dà bí hóró ẹ̀wà, kí oníṣègùn sì gé e kúrò. Bí ó bá ti tó ọsàn, tí ó bẹ́, tí ajá ń rù, tí ó ń wúkọ́, tí mímí sì ń ni í lára, ó ṣeé ṣe kí àrùn náà ti wọ ẹ̀dọ̀fóró. Fọ́tò X-ray ni yóò fi í hàn. Ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta wà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọ̀ràn bá dé ibẹ̀, ọ̀bẹ kò lè lé e bá mọ́. (Abo tí a bá yọ ilé ọmọ àti ibi ẹyin rẹ̀ kí ó tó rí nǹkan oṣù àkọ́kọ́ kì í sábà ní àrùn ọmú yìí.)

Kò sí ewu fún àwọn ará ilé. Jẹjẹrẹ ajá kì í ran ènìyàn, kì í ran ewúrẹ́, nítorí náà kò sí ìdí tí àwọn ọmọdé kò fi ní jókòó tì í. Kí a sọ òótọ́ fún wọn pé kò ní san. Ṣùgbọ́n bí ìwà ajá bá yí padà lójijì, tí ó ń da itọ́, tí ó ń bu ènìyàn jẹ, ìyẹn kì í ṣe jẹjẹrẹ; ó lè jẹ́ dìgbòlugi. Ẹni tí ó bá bù jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Nísinsìnyí, ìtọ́jú. Ìrora ni kí a kọ́kọ́ mú kúrò, ajá sì mọ̀ ọ́n pa mọ́ púpọ̀. Bí ó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ nígbà tí ojú ọjọ́ tutù, tí kò lè dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, tí ó ń lá ojú kan ṣoṣo, tí ó sì ń kùn nígbà tí a bá fọwọ́ kàn án, ara ń ro ó. Oníṣègùn lè fún un ní meloxicam tàbí oògùn mìíràn ní ìwọ̀n tí ó bá ara rẹ̀ mu. Kí a má ṣe fún un ní oògùn ara ríro ti ènìyàn tàbí ẹ̀tù orí fífọ́ tí a ń tà lọ́jà. Ibuprofen a máa dá egbò sí ikùn ajá, a sì máa ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́.

Egbò tí ó bẹ́ ni ó ń fa wàhálà jù lọ ní abà, nítorí eṣinṣin. Kí a se omi, kí ó tutù, kí a po ṣíbí tíì kan iyọ̀ mọ́ ìdajì lítà rẹ̀, kí a fi fọ egbò náà láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kí a sì fi aṣọ mímọ́ bò ó. Bí ìdin bá ti wọ̀ ọ́, oníṣègùn ni kí ó yọ wọ́n. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń da epo ẹ́ńjìnnì tí a ti lò, tàbí kẹrosíìnì, sí irú egbò yìí. Ó ń ta ajá, ajá yóò sì lá a mì, yóò di májèlé nínú rẹ̀.

Orí àpò gbígbẹ, lábẹ́ òjìji, ni kí ó máa sùn. Bí kò bá lè dìde mọ́, kí a máa yí i padà ní wákàtí 4-4. Ẹ̀kọ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, pẹ̀lú ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀ tàbí ẹyin sísè, díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́, ni ó dára jù. Kí a má ṣe bu ọbẹ̀ fún un, nítorí àlùbọ́sà a máa ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́.

Ìgbà wo ni ó tó? Ìbéèrè yìí ni ó le jù, nítorí ẹni tí ó bá fẹ́ràn ajá kì í fẹ́ rí òpin. Alice Villalobos, oníṣègùn ẹran kan ní Amẹ́ríkà, ṣe òṣùwọ̀n tí àgbẹ̀ náà lè lò. Ohun 7 ni a ń wò: ìrora àti mímí, oúnjẹ, omi mímu, ìmọ́tótó, inú dídùn, rírìn, àti bóyá ọjọ́ rere pọ̀ ju ọjọ́ burúkú lọ. A ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 10. Bí àpapọ̀ bá ju 35 lọ, a lè máa bá ìtọ́jú lọ. Fún ti ọjọ́ rere àti ọjọ́ burúkú, kí a máa fi ẹfun fa ìlà sára ògiri ní alaalẹ́, nítorí ọkàn a máa tan ènìyàn jẹ. Ẹ má sì tijú láti bi oníṣègùn pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, bí ó bá jẹ́ ajá tiyín ni, kí ni ẹ̀ bá ṣe?”

Abẹ́rẹ́ ìkẹyìn kò ní ìrora ju ti gígún lọ. Oògùn oorun ni, tí ó pọ̀ ju ìwọ̀n lọ. Ajá yóò sùn láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, ọkàn rẹ̀ yóò sì dákẹ́. Kí olúwa rẹ̀ di orí rẹ̀ mú, kí ó máa pe orúkọ rẹ̀. Oògùn kòkòrò kò ṣeé fi rọ́pò rẹ̀ láé: gìrì àti ìnira ni ó fi ń pa ẹran, ohunkóhun tí ó bá jẹ òkú náà lè kú pẹ̀lú. Nítorí owó ọkọ̀ oníṣègùn, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè pe ọ̀kan wá sí abà lọ́jọ́ kan náà, kí ó fún àwọn ajá yòókù ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ti ọdọọdún.

Ní ìlú tí a ti ń jẹ ẹran ajá, kí a kìlọ̀ pé èyí kò ṣeé jẹ, nítorí oògùn náà ṣì wà nínú ẹran rẹ̀. Kí a gbẹ́ ihò tí ó jìn tó mítà 1, ó kéré tán, jìnnà sí kànga àti odò, kí a sì to òkúta lé e lórí kí àwọn ajá mìíràn má ba à hú u.