Ẹ̀KỌ́ KẸSÀN-ÁN: ÀRÒKỌ ALÁRÌÍYÀNJIYÀN

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Fi òwe yìí sọ́kàn nígbàkígbà tí o bá fẹ́ kọ àròkọ alárìíyànjiyàn. Ìhà méjì ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń ní. Ìwọ yóò yan ìhà kan, ìwọ yóò sì dúró tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kejì kí o tó dá a lẹ́bi.

Nígbà tí mo ń kọ́ni, àṣìṣe kan náà ni mo ń rí lọ́dọọdún. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ìpínrọ̀ méjì gbe ọ̀rọ̀ lẹ́yìn, yóò fi méjì takò ó, yóò sì fi àdúrà parí rẹ̀. Ọmọ kan wà tí òwe kò wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó kọ irú àròkọ bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò ìgbaradì, mo kà á tán, n kò mọ ibi tí ó dúró sí. Máàkì tí mo fún un dùn ún púpọ̀, ṣùgbọ́n kò tún irú rẹ̀ kọ mọ́. Ṣọ́ra kí ó má baà ṣe ọ́ ní ọjọ́ ìdánwò gan-an.

Ìbéèrè

Kọ àròkọ láti gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn tàbí láti takò ó: *Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ eléré ìdárayá ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà lè kúrò ní yunifásítì kan lọ sí òmíràn láìjìyà.*

Má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa. Hakeem Ọlájuwọ́n ti Èkó lọ gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní Yunifásítì Houston ní 1980. Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sáré fún Yunifásítì Texas ní El Paso, ó sì gba ipò kìíní nínú ìdíje àwọn yunifásítì ní 2017, nínú eré ọgọ́rùn-ún mítà tí a ń fo igi kọjá. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni ó ti tipa eré ìdárayá rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà níbẹ̀.

Ìlapa èrò

1. Ìfáárà: kí ni òfin náà, níbo ni mo sì dúró sí?
2. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ń lọ bí ó ti wù ú.
3. Ẹni tí a kò lò níhìn-ín lè wúlò níbòmíràn.
4. Ẹjọ́ ẹnì kejì: ìwé kíkà àti owó.
5. Èsì mi.
6. Àgbálọgbábọ̀.

Àpẹẹrẹ àròkọ: Òmìnira Akẹ́kọ̀ọ́ Eléré Ìdárayá

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, eré ìdárayá yunifásítì kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Pápá ìṣeré Yunifásítì Michigan nìkan ń gba ènìyàn tí ó ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún lọ. Àjọ NCAA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1906, ni ó ń ṣe òfin eré náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, agbábọ́ọ̀lù tí ó bá pààrọ̀ yunifásítì gbọ́dọ̀ jókòó ọdún kan gbáko kí ó tó lè bá ẹgbẹ́ tuntun rẹ̀ díje. Lérò tèmi, òfin náà kò tọ́. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè lọ láìjìyà.

Lọ́nà kìíní, akọ́nimọ̀ọ́gbá kì í jókòó ní tirẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, Lincoln Riley fi Yunifásítì Oklahoma sílẹ̀ lọ sí Southern California. Brian Kelly náà fi Notre Dame sílẹ̀ lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Louisiana. Nígbà tí ọdún eré tuntun bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe lọ. Caleb Williams, tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ Riley, tẹ̀lé olùkọ́ rẹ̀. Òfin ti yí padà nígbà náà, ó sì gba ẹ̀bùn Heisman ní 2022, èyí tí wọ́n ń fún agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tí ó dára jù lọ. Bí ó bá jẹ́ ti tẹ́lẹ̀ ni, ọdún náà gan-an ni ì bá fi jókòó máa wòran.

Lọ́nà kejì, ẹni tí kò rí àyè níhìn-ín lè tàn níbòmíràn. Joe Burrow wà ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio fún ọdún mẹ́ta, àwọn mìíràn ni wọ́n ń lò ṣáájú rẹ̀. Nítorí pé ó ti gba oyè, òfin ìjókòó kò mú un. Ó kọjá sí Louisiana ní 2018, ó gba Heisman ní 2019, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gba ife-ẹ̀yẹ gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní oṣù kìíní ọdún 2020.

Àwọn tí ó takò mí ní ẹjọ́. Wọ́n ní ẹni tí ó ń ti yunifásítì dé yunifásítì lè pàdánù ọdún ẹ̀kọ́, nítorí pé ibi tuntun lè má ka gbogbo iṣẹ́ tí ó ti ṣe. Wọ́n tún ní láti oṣù keje ọdún 2021, tí NCAA ti gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ máa gba owó lórí orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀, yunifásítì olówó lè máa fa àwọn ọmọ tí yunifásítì kékeré tọ́ dàgbà. Òótọ́ ni, ewu náà wà.

Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ nípa orin bá pààrọ̀ yunifásítì, ta ni yóò sọ fún un pé kí ó má kọrin fún ọdún kan? Bí ìwé ni a ń bẹ̀rù, kí a béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí NCAA padà ṣe nìyẹn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, ó gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan láìjókòó. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní West Virginia pàṣẹ pé kí wọ́n má fi ìjókòó de ẹni tí ó pààrọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ náà gbà á láìka iye ìgbà, bí ọmọ náà bá ṣáà ń yege nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ní àgbálọgbábọ̀, ohun tí a kò fi de olùkọ́, kò yẹ kí a fi de ọmọ. Kí a jẹ́ kí ó lọ, ṣùgbọ́n kí a rí i pé ìwé rẹ̀ ń bá a lọ.

Àkíyèsí

(i) Láti ìpínrọ̀ kìíní ni olùdánwò ti mọ ibi tí òǹkọ̀wé dúró sí.

(ii) Òwe kan ṣoṣo ni ó lò, ó sì bọ́ sí ojú ọgbẹ́. Má ṣe to òwe jọ bí ẹni to igi ìdáná.

(iii) Ìpínrọ̀ kẹrin ni ó fa máàkì jù. Òǹkọ̀wé kò bú alátakò. Ó sọ ẹjọ́ rẹ̀ bí alátakò fúnra rẹ̀ ì bá ti sọ ọ́.

(iv) Àpẹẹrẹ Burrow jẹ́ ọ̀bẹ olójú méjì. Alátakò lè ní: "Ṣé ẹ rí i? Ó gba oyè rẹ̀ kí ó tó lọ!" Máa wo ẹ̀yìn àpẹẹrẹ rẹ kí o tó kọ ọ́ sílẹ̀.

(v) Ọdún tàbí orúkọ tí kò bá dá ọ lójú, fò ó. Irọ́ kan ṣoṣo lè ba òótọ́ mẹ́wàá jẹ́ lójú olùdánwò.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Kọ àròkọ láti takò ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Rántí àwọn ọmọ wa tí ó fi físà akẹ́kọ̀ọ́ wọ Amẹ́ríkà: òfin físà náà dín iṣẹ́ owó tí wọ́n lè ṣe kù gidigidi. Ǹjẹ́ òmìnira tí a ń wí yìí dọ́gba fún gbogbo wọn?