Bí Omi Ṣe Ń Wọ Bọ́ílà Ọkọ̀ Ojú Irin

Ọkọ̀ ojú irin ayé àtijọ́, èyí tó ń jẹ èédú, a máa mu omi púpọ̀. Iná ń jó, omi inú bọ́ílà ń hó, ooru omi ń ti písítìnì, lẹ́yìn náà ó gba ihò èéfín jáde. Èyí tó bá ti jáde kò ní padà mọ́, àfi kí òmíràn wọlé. Bí omi bá lọ sílẹ̀ jù, irin tó bo iná lórí á pọ́n, á rọ̀, bọ́ílà á sì bú gbàù.

Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń fi omi sínú ohun tó fúnra rẹ̀ ń ti nǹkan síta? Ẹ wo gééjì fọkanáísà: táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ a máa gbé nǹkan bí 30 psi. Bọ́ílà ọkọ̀ ojú irin lè gbé 200. Ẹni tó bá dá ihò sí i lára kò ní rí àyè bu omi sí i.

Pọ́ǹpù ni wọ́n kọ́kọ́ lò. Ìrìn ọkọ̀ ló ń mú un ṣiṣẹ́, nítorí náà bí ọkọ̀ bá dúró, pọ́ǹpù náà dúró. Awakọ̀ tó wà ní ìdúró á tún máa wa ẹ́ńjìnnì lọ síwá-sẹ́yìn lásán, nítorí kí omi lè wọlé. Iṣẹ́ òfò!

Ní 1858 ni Henri Giffard, ará Faransé, gba àṣẹ oníhun lórí ínjẹ́kítọ̀, ohun èlò mìíràn tó ń ti omi wọ bọ́ílà. Kò sí ohun tó ń yí nínú ínjẹ́kítọ̀. Ooru omi láti inú bọ́ílà gba ẹnu tóóró kan jáde pẹ̀lú eré burúkú. Ó pàdé omi tútù, òun náà di omi lójú ẹsẹ̀, ó sì gbé eré rẹ̀ fún un. Omi náà wá bọ́ sínú páìpù tó ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí páìpù ti ń fẹ̀, eré omi ń dín kù, agbára tó fi ń ti nǹkan ń pọ̀ sí i, títí yóò fi ju ti bọ́ílà lọ. Nígbà náà ló ti fáàlù, tó wọlé. Fáàlù yìí kì í jẹ́ kó padà.

Ẹni tó ń kó èédú síná ló ń tọ́jú ínjẹ́kítọ̀ náà. Á kọ́kọ́ ṣí omi, lẹ́yìn náà ooru. Omi á kọ́kọ́ máa tú dànù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Tí ìyẹn bá dáwọ́ dúró, ó ti ń wọlé nìyẹn. Bí ínjẹ́kítọ̀ bá gbóná jù, kò ní gbà, nítorí ooru kò ní rí omi tútù tí yóò sọ ọ́ di omi. Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé kí wọ́n da korobá omi tútù lé e lórí, kí wọ́n tún gbìyànjú.