Ọwọ́ mélòó ni iṣẹ́ yín nílò? Bí a ṣe ń bèèrè prọ́sẹ́sọ̀



Nígbà tí mo kọ́kọ́ láǹfààní láti lo ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n so pọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní cluster, prọ́sẹ́sọ̀ 32 ni mo bèèrè. Ọjọ́ méjì ni mo fi wà lórí ìlà. Nígbà tó wá kàn mí, ẹyọ kan ló ṣiṣẹ́. 31 yòókù jókòó, àwọn ẹlòmíì sì wà lẹ́yìn mi tí wọ́n ń retí.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí ní Igbó-Ọrà ló là mí lójú. Ká ní ẹ̀gẹ́ kan máa gba ẹnì kan ní wákàtí 8 láti bó. Bí wọ́n bá bó o tán, ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ máa fi wákàtí 2 lọ̀ ọ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10. Bí ẹni 4 bá bó o, ó di 4. Bí wọ́n bá jẹ́ 8, ó di 3. Ẹ kó ẹni 80 wá láti Èrúwà, bíbó á di ìṣẹ́jú 6, àmọ́ wákàtí 2 ti ẹ̀rọ ò ní yẹ̀. Gene Amdahl ló sọ èyí nípa kọ̀ǹpútà lọ́dún 1967: apá tí kò ṣeé pín ló ń pinnu ibi tí iṣẹ́ lè yá dé.

Slurm ni ọ̀pọ̀ cluster fi ń pín iṣẹ́. Ìlà méjì yìí la sábà máa ń ṣì lò:

#SBATCH --ntasks=1
#SBATCH --cpus-per-task=4

Ntasks ni iye òṣìṣẹ́. Ọ̀kan lè wà lóko Ìdèrè, èkejì ní Tápà, kí wọ́n máa fi fóònù bára wọn sọ̀rọ̀. Ètò tó ń lo MPI ló nílò rẹ̀. Cpus-per-task ni iye ọwọ́ tí òṣìṣẹ́ kan ní. Ọwọ́ kì í kúrò lára, nítorí náà inú kọ̀ǹpútà kan náà ni gbogbo wọn máa wà. Tàwọn ètò tó ń lo threads nìyẹn. Bó bá jẹ́ OpenMP, ẹ sọ iye tí ẹ gbà fún un:

export OMP_NUM_THREADS=$SLURM_CPUS_PER_TASK

Ètò tèmi ọjọ́un ò mọ̀ ju ọwọ́ kan lọ. Ní báyìí, mo máa ń fi 1, 2, 4 àti 8 dán iṣẹ́ kékeré wò. Ibi tí àkókò ò bá ti dín kù mọ́, ibẹ̀ ni mo ń dúró. Bí iṣẹ́ bá parí, mo máa ń tẹ seff àti nọ́ńbà iṣẹ́ náà, níbi tí wọ́n bá ti fi í sí, kí n lè mọ ìdá tí mo lò nínú ohun tí mo gbà. Tọjọ́un ò pé 4 nínú 100.

Ẹ bèèrè èyí tí ẹ máa lò. Ẹni tó wà lẹ́yìn yín náà níṣẹ́ lọ́wọ́.