Àwọn Tí Kò Kí Ara Wọn Rí

 

Bíbélì kíkà: Òwe 16:7

Ẹsẹ yìí ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀tá tí Ọlọ́run lè sọ di ẹni tí a ó bá gbé. Ó rọrùn láti ṣe àmín sí i, àfi tá a bá rántí orúkọ ẹni náà!

Ní Northern Ireland, nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi pa ara wọn. Ọ̀pọ̀ Pùròtẹ́sítáǹtì fẹ́ wà lábẹ́ ìjọba Bírítéènì, ọ̀pọ̀ Kátólíìkì fẹ́ dara pọ̀ mọ́ Ireland. Ẹ̀mí tó lọ sí i lé ní 3,500. Oníwàásù ni Ian Paisley, òun ló dá ìjọ Free Presbyterian sílẹ̀ ní 1951. Kódà àdéhùn àlàáfíà ọdún 1998, ó ní òun ò sí níbẹ̀. Martin McGuinness ní tiẹ̀ ti ṣe ọ̀gá nínú IRA, àwọn tó ń fi bọ́ǹbù jà. McGuinness sọ pé kó tó di 2007, àwọn ò bá ara àwọn sọ̀rọ̀ rí, bó ti wù kó kéré mọ.

Ní ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún ọdún 2007, wọ́n jọ búra wọlé. Paisley di olórí ìjọba, McGuinness di igbákejì. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí òfin ṣe so wọ́n pọ̀: agbára wọn dọ́gba, bí ọ̀kan bá kọ̀wé fipò sílẹ̀, èkejì náà ti bọ́ síta nìyẹn. Níbi tí wọ́n ti ń jọ ṣiṣẹ́, ẹ̀rín wọ̀ ọ́. Àwọn oníròyìn wá sọ wọ́n ní Chuckle Brothers, orúkọ àwọn aláwàdà méjì kan lórí tẹlifíṣọ̀n.

Kò sẹ́ni tó yí ohun tó gbà gbọ́ nínú òṣèlú padà o. Wọ́n sì san nǹkan kan fún un. Inú ọ̀pọ̀ nínú ìjọ Paisley ò dùn, ní 2008 ó fi ipò olórí ìjọ tóun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ sílẹ̀. Àwọn kan pe McGuinness náà ní ọ̀dàlẹ̀. Nígbà tí Paisley kú ní 2014, McGuinness ní òun pàdánù ọ̀rẹ́. Nígbà tí àìsàn mú McGuinness ní 2017, ọmọ Paisley jáde ní gbangba, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Tiwa ńkọ́? Ìbò ti mú kí ọmọ ìyá méjì má pe ara wọn lórí fóònù mọ́. Àwọn olóṣèlú tí wọ́n torí wọn jà sì ti jọ ń jẹun tipẹ́.

Àdúrà: Olúwa, fún mi ní ìgboyà láti kọ́kọ́ pe ẹni náà lónìí. Ní orúkọ Jésù. Àmín.