Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWỌN TÍ Ń TỌ́JÚ ARÚGBÓ: OÒGÙN ÀTI ÀÌNÍ

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí wà fún nọ́ọ̀sì, apòògùn, àti gbogbo ẹni tí ń bẹ àgbàlagbà wò nínú ilé. Kókó rẹ̀ ni èyí: kí a tó bá arúgbó wí pé kò lo oògùn rẹ̀ bí ó ti yẹ, kí a kọ́kọ́ wádìí ohun tí àìní ń ṣe sí oògùn náà. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ.

Èkíní. Ara arúgbó kì í ṣe ara ọ̀dọ́. Bí ọjọ́ orí ti ń ga, kídìnrín kì í yára lé oògùn jáde mọ́; nítorí náà ìwọ̀n tí kò pa ọ̀dọ́ lára lè pọ̀ jù fún ẹni 70 ọdún. Ní ọdún 1991, Mark Beers, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ to àwọn oògùn tí ó léwu fún arúgbó lẹ́sẹẹsẹ. A ti ń tún ìwé náà ṣe láti ìgbà náà wá, àti ní ọdún 2023 pẹ̀lú. Diazepam, tí a ń lò fún àìróorunsùn, a máa mú arúgbó ṣubú. Ibuprofen àti diclofenac, tí a ń lò fún làkúrègbé, bí a bá ń lò wọ́n lójoojúmọ́, lè mú kí inú ṣẹ̀jẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ ríru sì le sí i.

Èkejì. Àìní a máa yí ìlò oògùn padà. Ẹni tí a ní kí ó máa lo hóró kan lójúmọ́ fún ẹ̀jẹ̀ ríru a máa lò ó ní ọjọ́ kan, a sì fo ọjọ́ kejì, kí oògùn oṣù kan lè tó o fún oṣù méjì. Kò sọ fún dókítà, nítorí ojú ń tì í. Dókítà rí i pé ẹ̀jẹ̀ náà kò wálẹ̀, ó rò pé oògùn kò ràn án, ó sì fi òmíràn kún un. Ní ọjọ́ tí ọmọ bá fi owó ránṣẹ́, arúgbó náà ra gbogbo rẹ̀, ó lò wọ́n pọ̀, òòyì kọ́ ọ, ó sì ṣubú. Bákan náà ni alátọ̀gbẹ tí ó lo glibenclamide láìrí oúnjẹ jẹ: ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ títí yóò fi dákú.

Ẹ̀kẹta. Ohun tí a ó ṣe. Kí a má ṣe bèèrè pé, “Ṣé ẹ ń lo oògùn yín?” nítorí “Bẹ́ẹ̀ ni” ni a ó gbọ́. Kí a wí pé, “Bàbá, hóró mélòó ni ó kù? Èwo nínú wọn ni ó ṣòro láti rà? Ǹjẹ́ ẹ ti jẹun lónìí?” Kí a kó gbogbo oògùn inú ilé jọ, àti àgbo pẹ̀lú, kí a gbé e lọ fún dókítà, kí a sì bèèrè èyí tí a lè yọ kúrò tàbí èyí tí owó rẹ̀ kéré tí ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá oògùn dúró fúnra rẹ̀. Òfin adójútòfò ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2022 ka arúgbó àti aláìní mọ́ àwọn tí a dá àpò owó kan sílẹ̀ fún. Ẹ bá wọn wádìí rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ yín.

Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ẹ jẹ́ kí a mọ̀ bóyá ọmú náà ti gbẹ.

Ìbéèrè fún ìjíròrò:
1. Èéṣe tí arúgbó fi ń fi àìní pamọ́ fún dókítà?
2. Ta ni ó ń ra oògùn àwọn àgbà ilé yín, ta ni ó sì ń kà á?