Kẹ̀kẹ́ Tanímọ̀la

Ní táámù tó kọjá, mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi kọ àlọ́ tuntun, irú èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì pa fún wọn rí. Ọmọbìnrin kan kọ ti ajá kan tó ń jẹ́ Tanímọ̀la. Ọ̀kadà gbá a, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì rọ. Alágbẹ̀dẹ abúlé wá rọ ẹsẹ̀ irin méjì, ó dè é mọ́ ọn nídìí, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, Tanímọ̀la fo ògiri lé olè lọ. Èdè ọmọ náà dùn. Àmì ohùn rẹ̀ pé. Alágbẹ̀dẹ rẹ̀ ni mo fi bíró pupa fàlà sí nídìí.

"Sà, ṣebí àlọ́ ni?"

Àlọ́ ni lóòótọ́. Ajá lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó tiẹ̀ lè gun okùn lọ bá ìyá rẹ̀ lọ́run jẹun. Ṣùgbọ́n bí o bá ti lè sọ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ, o ti mú ara ẹran wọ inú ìtàn, ara ẹran sì ní òfin tirẹ̀.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ tí ẹsẹ̀ fi ń rọ? Nínú eegun ẹ̀yìn ajá, bíi tiwa náà, okùn iṣan kan gba àárín kọjá láti ọpọlọ lọ sí apá ìdí. Okùn yìí ló ń gbé àṣẹ lọ, òun náà ló ń gbé ìròyìn bọ̀. Bí ó bá já lágbedeméjì, àṣẹ pé kí ẹsẹ̀ gbéra kò ní dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mọ́, ìròyìn pé ẹsẹ̀ ń dùn ún kò sì ní dé ọpọlọ. Ẹsẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ o. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú rẹ̀, ó gbóná, ó wúwo. Ìránṣẹ́ àárín ni kò sí mọ́.

Ẹ má ṣe fi wé Toothless, dírágónì inú fíìmù How to Train Your Dragon tó jáde ní 2010. Apá kan ìrù tiẹ̀ ló gé, ọmọkùnrin tó ń gùn ún sì ṣe òmíràn tó ń fi ẹsẹ̀ darí. Winter náà wà, dọ́fíìnì gidi, tí okùn pàkúté akàn wé mọ́ nírù ní Florida ní 2005 títí ìrù náà fi bọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdí wẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bí ẹja, bẹ́ẹ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ ni dọ́fíìnì ń ju ìrù sí, ìyẹn sì fẹ́ ba eegun ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́. Wọ́n ṣe ìrù àtọwọ́dá fún un, wọ́n sì fi ìtàn rẹ̀ ṣe fíìmù Dolphin Tale ní 2011. Àlàfo ni wọ́n dí fún àwọn méjèèjì. Tanímọ̀la kò ní àlàfo kankan. Bí o bá so irin mọ́ ẹsẹ̀ tí kò gbọ́ àṣẹ mọ́, ẹrù lo gbé ka ẹrù. Ohun tó ń fẹ́ ni táyà méjì tí yóò gba ìdí rẹ̀ dúró, kí ẹsẹ̀ iwájú tó ṣì gbọ́ràn lè máa fà á lọ.

Ibo ni ká wá gbé táyà náà sí? Ẹ jẹ́ ká gbé ajá yìí sórí ìwé. Ká ní kílò 20 ni. Orí, ọrùn àti àyà ajá wà níwájú, nítorí náà ẹsẹ̀ iwájú máa ń gbé nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀, ẹ̀yìn á gbé ìyókù: kílò 12 níwájú, kílò 8 lẹ́yìn. Bí ẹsẹ̀ iwájú bá fi sẹ̀ǹtímítà 50 jìnnà sí ti ẹ̀yìn, ojú ibi tí gbogbo ìwúwo ti dọ́gba, níbi tí o ti lè gbé e ró lórí ìka kan bíi rúlà, yóò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20 sí ẹsẹ̀ iwájú. Kílò 20 lọ́nà 20 jẹ́ 400. Di nọ́ńbà yẹn mú.

Bí táyà bá wà lábẹ́ ìbàdí gan-an, ní 50, pín 400 sí ọ̀nà 50: táyà gbé kílò 8, èjìká gbé 12 tó ti ń gbé látilẹ̀. Fa táyà síwájú dé 25: táyà gbé 16, ó ku 4 péré fún èjìká. Ìyẹn dára fún ajá arúgbó tí èjìká ń ro. Wá fà á dé 20: táyà ti gbé gbogbo ẹ̀ tán, ẹsẹ̀ iwájú kàn ń ra ilẹ̀ lásán ni, kò rí ibi tẹ̀ fi fa ara. Tún fà á síwájú díẹ̀ sí i, imú ajá á kọjú sókè, ìdí á sì lu ilẹ̀.

"Sà, ọmọlanke nìyẹn!" Ọmọ kan tó máa ń sùn lẹ́yìn kíláàsì ló pariwo. Ọmọlanke ni. Mẹ́ruwà tó mọṣẹ́ máa ń to kẹ́ẹ̀gì omi sórí táyà, á sì jẹ́ kí ẹrù tẹ̀ díẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ lè rí nǹkan dì mú. Táyà ń gbé, ọwọ́ ń darí.

Kí táyà náà tóbi bí ọ̀nà inú ìtàn bá ṣe rí. Kékeré tó lórí táìsì. Fún ọ̀nà abúlé lẹ́yìn òjò, kó ga kó lè gun òkúta, kó sì fẹ̀ kó má baà rì. Kí àárín méjèèjì jìnnà síra díẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ajá tó rí ológbò kì í rọra yà.

Nǹkan tí àwọn òǹkọ̀wé kì í fẹ́ẹ́ kọ ló kù, èmi sì rò pé ibẹ̀ gan-an ni ìtàn wà. A gbọ́dọ̀ fi okùn gbé ẹsẹ̀ tó rọ kúrò nílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ awọ rẹ̀ á bó. Bí okùn náà bá ń gé e, Tanímọ̀la kò ní ké, nítorí kò mọ̀ ọ́n lára. Ẹlòmíràn ni yóò rí egbò náà kó tó kẹ̀. Ìtọ̀ lè máa jáde láìjẹ́ pé ó mọ̀, nítorí náà kí aṣọ ìbàdí rẹ̀ ṣeé fọ̀. Kò sì lè fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ yìí. Lálaalẹ́, ẹnìkan ní láti bọ́ kẹ̀kẹ́ náà lára rẹ̀. Ta ni ẹni náà nínú ìtàn rẹ?

Ìjàpá ńkọ́? Igbá ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣe àpótí tó gbé wọ̀. Eegun ni, ó dì pọ̀ mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn àti eegun ìhà rẹ̀, ó sì ń mọ ìfọwọ́kàn, nítorí náà kí alágbẹ̀dẹ má kan ìṣó mọ́ ọn. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé igbá kì í tẹ̀, kò fẹ́ okùn rẹpẹtẹ. Ní 2014, ìròyìn kàn láti Wales nípa ìjàpá kan, Mrs T, tí eku jẹ lẹ́sẹ̀ iwájú nígbà tó ń sun oorun ìgbà òtútù. Táyà ọkọ̀ òfúrufú ìṣeré ni wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ igbá rẹ̀, ó sì ń yí lọ. Ṣùgbọ́n ká ní ẹsẹ̀ kan Ìjàpá tiwa ló rọ, tí ewu wá dé. Mẹ́ta á wọ inú igbá, ọ̀kan á wà níta. Ìjàpá ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́, tó ń rẹ́ gbogbo ẹranko jẹ, á máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ látinú igbá pé kí Yánníbo ìyàwó òun jọ̀ọ́ bá òun ti ẹsẹ̀ kan wọlé.

Ẹja kò fẹ́ táyà, omi ló ń gbé e. Ti ẹyẹ ló le, nítorí gbogbo ohun tí o bá so mọ́ ọn ló gbọ́dọ̀ gbé fò.

Ọmọbìnrin yẹn tún àlọ́ rẹ̀ kọ. Lọ́tẹ̀ yìí, alágbẹ̀dẹ kọ́kọ́ fi okùn wọn ajá láti èjìká dé ìbàdí kó tó tan iná. Tanímọ̀la kò fo ògiri. Ó yí lọ sẹ́nu géètì, ó dúró síbẹ̀, ó gbó títí gbogbo àdúgbò fi jí. Mo fún un ní 9 nínú 10. Ó gbàgbé láti bọ́ kẹ̀kẹ́ lára ajá nígbà tí ilẹ̀ ṣú.