Ìtò Ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù àti Ìrìn Iná Nínú Kírísítálì: Àpẹẹrẹ Òkúta Òòfà àti Mẹ́kúrì

Ìfáàrà

Iṣẹ́ yìí dá lórí bí àwọn ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe ń tò pọ̀ nínú kírísítálì, àti ohun tí ìtò náà ń ṣe sí iná mànàmáná tí ó ń gba inú rẹ̀ kọjá. Kírísítálì ni ohun líle tí àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ wà ní ìlà-ìlà, bí èbè inú oko. Àwọn ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó lè ṣí kúrò ní ìdí átọ́ọ̀mù kan lọ sí òmíràn ni ó ń gbé iná. Ènìyàn lè rò pé bí wọ́n bá ti tò létòlétò, iná yóò máa kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo.

Òkúta Òòfà

Irin àti ọ́síjìn ni ó para pọ̀ di òkúta òòfà: átọ́ọ̀mù irin 3 sí ti ọ́síjìn 4. Nínú irin mẹ́ta náà, méjì wà ní irú ààyè kan náà, ṣùgbọ́n ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù ọ̀kan fi ẹyọ kan lé ti èkejì. Ní ìwọ̀n ooru inú yàrá, èlé yìí ń fò láti ọ̀dọ̀ irin kan sí òmíràn. Ìdí nìyí tí òkúta náà fi ń gbé iná. Bí a bá mú un tutù dé nǹkan bí 125 lórí òṣùwọ̀n Kelvin, agbára rẹ̀ láti gbé iná yóò já wálẹ̀ lójijì ní nǹkan bí ìlọ́po 100.

Ní 1939, Evert Verwey, ọmọ Nẹ́dálándì, dábàá pé àwọn èlé náà ti tò, oníkálùkù sì ti jókòó sí àyè rẹ̀. Bí ọ̀kan bá fẹ́ ṣípò, yóò da ìtò àwọn alábàágbé rẹ̀ rú. Agbára tí èyí ń fẹ́ sì ṣọ̀wọ́n nínú òtútù. Ní 2012, Senn, Wright àti Attfield fi hàn pé ìtò náà díjú ju bẹ́ẹ̀ lọ: irin mẹ́ta tí ó wà lórí ìlà kan ni ó jọ ń pín èlé kan.

Mẹ́kúrì

Ní 1911, ní ìlú Leiden, Heike Kamerlingh Onnes rí i pé bí mẹ́kúrì bá dì, tí ó sì tutù dé nǹkan bí 4.2 lórí òṣùwọ̀n Kelvin, ìdènà tí iná ń bá pàdé nínú rẹ̀ a pòórá. Bardeen, Cooper àti Schrieffer ṣàlàyé irú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ní 1957: àwọn ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń so pọ̀ ní méjì-méjì, gbogbo wọn sì ń rìn bí ẹyọ kan. Ìtò ni èyí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ọ̀nà ni ó là fún iná.

Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí olùkọ́ bá lo “ìtò” nìkan fún méjèèjì, akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbé òfin òkúta òòfà lọ sórí mẹ́kúrì. A dábàá “ìtò ibùdó” fún ti àkọ́kọ́, àti “ìtò ìrìn” fún ti èkejì. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó ṣáájú nínú kíláàsì ni pé: kí ni ó tò, ibi tí wọ́n wà ni, àbí bí wọ́n ṣe ń rìn?